Ó ku HP 4, síbẹ̀ ó ń gun ògiri: báwo lẹ ṣe ń kọ ọgbẹ́ sílẹ̀ nídìí eré yín?

Adárí_Sátidé

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Dungeons & Dragons la máa ń ṣe, eré ìtàn orí tábìlì tí kálukú ti ń ṣe ẹ̀dá kan, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dà karùn-ún ni tiwa, èyí tó jáde ní 2014. Èmi ni olùdarí, ẹni tó ń sọ ìtàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọdẹ inú ẹgbẹ́ wa bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà lórí afárá. Kí ìjà tó parí, HP rẹ̀ (hit points, nọ́ńbà tó ń dín bí ìpalára ṣe ń bà á; tó bá di òdo, á ṣubú) ti já láti 38 sí 4. Ọfà bà á, wọ́n fi kùmọ̀ lù ú, ó tún ṣubú lé òkúta. Kò pẹ́ sígbà yẹn tó ní òun fẹ́ gun ògiri ilé olóyè kan. Òfin ò dí i lọ́wọ́: ẹni tó ní HP 4 àti ẹni tó ní 38, bákan náà ni wọ́n ń ju dáìsì. Ó gùn ún, ó dé òkè. Wọ́n sùn mọ́jú, HP rẹ̀ tún kún fọ́fọ́. Ẹni tó ń ṣe ọdẹ yẹn fúnra rẹ̀ ló bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo tiẹ̀ fara pa lánàá?" Mi ò rí èsì fún un.

Báwo lẹ ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọgbẹ́? Báwo lẹ sì ṣe ń ṣàpèjúwe rẹ̀ tí á fi wọ àwọn eléré lára, tí eré ò sì ní di iṣẹ́ ìṣirò?

BàbáDáìsì

Àbúrò, kúkú sọ fún un pé kò fara pa. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, orí ló sì kó o yọ.

Gary Gygax, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó gbé eré yìí jáde ní 1974, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé àwọn olùdarí ti 1979. Ó ní HP kọjá ẹran ara: ọgbọ́n ìjà wà nínú rẹ̀, orí ire wà nínú rẹ̀, ojúrere àwọn òrìṣà náà wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó náà. Jagunjagun tó ní HP 80 àti alágbẹ̀dẹ tó ní 4, ṣé ẹ̀jẹ̀ ara jagunjagun ló fi ìlọ́po ogún ju ti alágbẹ̀dẹ ni?

Nídìí eré tèmi, idà kì í wọ ara títí HP á fi dé ìdajì. Kó tó débẹ̀, apata ló gbà á, ṣùgbọ́n apá ń gbọ̀n. Ó yẹ idà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó ń mí hẹlẹ. Tó bá ti kọjá ìdajì, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ. Ẹ̀dà kẹrin, ti 2008, fún ìpele ìdajì yẹn lórúkọ, wọ́n pè é ní bloodied, àwọn ìwé tuntun ti 2024 sì tún mú orúkọ náà wá. Ìgbá tó bá sọ HP di òdo ni ọgbẹ́ gidi. Ìyẹn nìkan ni mo máa ń ṣàpèjúwe tìfura-tìfura.

Aládàá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà.

Ọfà olóró ńkọ́? Bí ó bá gba etí rẹ̀ kọjá lásán, ibo ni oró gbà wọlé? Ìwé ní kí ó yọ HP, kí ó sì ju dáìsì nítorí oró náà. Ọfà yẹn ti ní láti ha á lára, ó kéré tán. Ẹni tó já bọ́ láti orí àpáta tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 60, d6 (dáìsì olójú mẹ́fà) mẹ́fà ni ìpalára rẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé orí ire ló já bọ́. Orúkọ idán àlùfáà pàápàá ni Cure Wounds. Ọgbẹ́ wo ló ń wò bí kò bá sí ọgbẹ́?

Ohun tó ń dun àbúrò wa tó ń ṣe ọdẹ yé mi. Wọ́n ti sọ fún un pé kùmọ̀ bà á, ó ti rò ó lọ́kàn, ó ti ń mí bí ẹni tí egungun ìhà ń dùn. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni ò rántí. Olùdarí ti fi ẹnu sọ ohun tí ìwé ò bá a gbé.

BàbáDáìsì

Oró yàtọ̀. Bí oró bá wà lẹ́nu ọfà, màá ní ó ha á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó yan ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó o sọ yẹn, mo gbà á. Bí ìwé ò bá ní gbé e, kí olùdarí má ṣèlérí rẹ̀.

Àyà_Akin

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi yìí, torí eré kan ti parí ìjà tí ẹ̀yin méjèèjì ń jà. Into the Odd, 2014. Nínú rẹ̀, HP dúró fún Hit Protection, ìyẹn ààbò. Níwọ̀n ìgbà tí HP bá ṣì wà, ohunkóhun ò tíì bà ọ́. Jókòó ìṣẹ́jú díẹ̀, mu omi, gbogbo rẹ̀ á pa dà. Tí HP bá tán, ohun tó kù nínú ìpalára náà á bọ́ sínú Strength rẹ, ìyẹn agbára ara. Wàá ju dáìsì lórí ohun tó kù nínú agbára yẹn. Tí kò bá wọlé, o ti ṣubú, àfi kí ẹnìkan tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Agbára ara yẹn ò sì ní pa dà lóru kan, ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ló ń fẹ́, níbi tó dẹrùn.

Ẹ rí i? Àárẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọgbẹ́ ní tirẹ̀. Olùdarí ò ní máa rò ó bóyá idà wọlé tàbí kò wọlé. Ibi tí nọ́ńbà já sí ló ń sọ fún un.

Cairn, tó tẹ̀ lé e ní 2020, fi ohun kan kún un tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Tí ìpalára bá sọ HP rẹ di òdo géérégé, láìṣẹ́kù, wàá gba àpá. Àpá yẹn lè yí ẹ̀dá ìtàn náà pa dà títí ayé, nígbà mìíràn sí rere.

Ọba_Rúnì

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ ibi tí idà bà, eré RuneQuest ti ṣe é láti 1978. Ó pín ara sí ọ̀nà méje: ẹsẹ̀ méjì, ikùn, àyà, apá méjì, orí. Ọ̀kọ̀ bà ọ́, ẹ ju d20 (dáìsì olójú ogún), ẹ mọ ibi tó bà, ibẹ̀ sì ní HP tirẹ̀. Tí ti apá bá tán, apá náà ò ṣe nǹkan kan mọ́, ohun tó dì mú á bọ́.

Ohun tó ń ṣe fún ìtàn pọ̀. Nídìí eré wa, ìjà kì í sábà parí sí ikú. Ọlọ́ṣà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti lọ á jókòó sílẹ̀, á ju idà nù, á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ìbéèrè á wá dé: kí la fẹ́ fi ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ níwájú wa ṣe? Mi ò rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú D&D, torí pé ẹni tó ní HP 1 ṣì ń jà kíkankíkan.

Ìnira rẹ̀ náà kò kéré. Ọlọ́ṣà mẹ́fà, ọ̀nà méje lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà 42 nìyẹn níwájú olùdarí. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ya àwòrán ènìyàn kékeré mẹ́fà sórí bébà, ibi tí wọ́n bá gbá nìkan ni mo ń fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí. Àwòrán tí kò bá lámì, ara rẹ̀ le.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Mo ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tó fara pa, mo sì ń ṣe àlùfáà nínú eré àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu olùdarí tí n kì í gbọ́.

Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ tó ta sára ògiri ò sọ nǹkan kan fún mi nípa ẹni tó fara pa. Ẹ sọ ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe.

Ẹni tí eegun tó so àyà mọ́ èjìká rẹ̀ bá kán, ẹ máa rí i tó fi ọwọ́ kejì di ìgúnpá apá tó ń dùn ún mú, tó gbé e mọ́ra. Ó túmọ̀ sí pé ọwọ́ méjèèjì ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Kò lè ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí egungun ìhà rẹ̀ sán lè rìn, ó tiẹ̀ lè jà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín, ikọ́ àti sísín ni ọ̀tá rẹ̀. Ìjókòó ló ń sùn, èémí rẹ̀ kúrú, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n lù lórí á bi yín pé, "Níbo la wà?" Ẹ dá a lóhùn. Láìpẹ́ á tún bi yín ní ohùn kan náà, bí ẹni pé kò bi yín rí. Tí olùdarí bá ṣe èyí sí mi nínú eré, ara mi á bù máṣọ.

Iná náà: ibi tó jó wọ inú gan-an lè má dun ẹni náà rárá, torí iná ti pa ohun tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Etí ibẹ̀, níbi tó jó díẹ̀, ló ń ké lé lórí. Ẹni tó ní "kò dùn mí" ló yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà yín.

Àwọn ìwé eré wọ̀nyí tún máa ń kọ ọ́ pé ojú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà á funfun. Ojú tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo máa ń wò, àti ahọ́n, àti abẹ́ ìpéǹpéjú nígbà tí mo bá fà á wálẹ̀. Òógùn tútù á bò ó. Á máa bèèrè omi. Ara rẹ̀ ò ní balẹ̀, á fẹ́ dìde, á máa jà mọ́ ẹni tó dì í mú. Lẹ́yìn náà á wá dákẹ́. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni mo máa ń sáré.

Adárí_Sátidé

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ ṣeun gan-an ni. Ti ẹni tó ń bèèrè ibi tó wà lẹ́ẹ̀mejì yẹn, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé a ò lè fi D&D sílẹ̀ báyìí, ìtàn ti wọra. Mo rí i nínú ìwé olùdarí ti 2014 pé àtẹ kan wà fún àwọn ọgbẹ́ tó máa ń pẹ́ lára. Ta ló ti lò ó?

Aládàá

Mo ti lò ó, mo sì ti yọ ọ́ kúrò. Ó ní kí ẹ ju d20 tí ọ̀tá bá gbá ẹ̀dá kan ní àgbákú (critical hit, ìgbá tó le jù), tàbí tí HP rẹ̀ bá di òdo tí kò kú lójú ẹsẹ̀, tàbí tó bá fi 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kùnà nínú dáìsì ikú, èyí tí ẹni tó ti ṣubú ń jù. Tó bá já sí 1, ojú kan lọ. 2, ọwọ́ tàbí apá kan lọ. 3, ẹsẹ̀ kan lọ. Àwọn tó tẹ̀ lé e fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, láti ìtiro títí dé àpá kékeré.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Mẹ́ta nínú ogún ni pípàdánù ẹ̀yà ara tàbí ojú. Ta ló ń jù ú jù? Jagunjagun tó ń dúró níwájú kí oṣó tó wà lẹ́yìn má bàa kú. Ẹni tó ń fi ara rẹ̀ dí ìbọn fún ẹgbẹ́ ló ń dàrọ. Eré mélòó kan lẹ́yìn náà, jagunjagun wa ò súnmọ́ iwájú mọ́, gbogbo wọn ń ta ọfà láti òkèèrè. Òfin ti kọ́ wọn ní ìbẹ̀rù.

Ọlọ́rọ̀_Kan

Ẹ wo ohun tí eré Fate ń ṣe. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní àpótí kéékèèké fún wàhálà, tó ń ṣófo nígbà tí ìran yẹn bá parí. Tí ìpalára bá ju ìyẹn lọ, o máa gba ohun tí wọ́n ń pè ní consequence. Mẹ́ta ló wà: ọ̀kan ń gba ìpalára 2, ìkejì ń gba 4, ìkẹta ń gba 6. Ọ̀rọ̀ lo máa kọ síbẹ̀, nọ́ńbà kọ́. Èjìká ọ̀tún yẹ̀. Ọgbẹ́ itan tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Mi ò lè wo ojú iná mọ́. Ẹni tó gbá ọ lè lo gbólóhùn yẹn fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó á san owó eré (fate point).

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ìwòsàn. Ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ tọ́jú rẹ, kó ju dáìsì kó wọlé. Tó bá wọlé, ẹ máa yí gbólóhùn náà pa dà: Èjìká ọ̀tún yẹ̀ á di Apá nínú ọ̀já. Ìgbà yẹn ni ọjọ́ ìwòsàn tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kéré á lọ lẹ́yìn ìran kan, ti àárín á gba odindi ìjókòó kan, èyí tó le jù á dúró títí ìtàn yẹn á fi parí. Ẹ rí bí ọgbẹ́ ṣe ń ní ìtàn tirẹ̀.

Fún D&D yín, ẹ yá gbólóhùn yẹn, ẹ fi HP sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí ẹ̀dá bá ti kan òdo tó sì yè é, kí ẹni tó ń ṣe é kọ gbólóhùn kan sórí káàdì. Òun ni kó kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin olùdarí. Ẹ kàn bi í ní ìbéèrè kan: kí lo ò lè ṣe dáadáa mọ́ báyìí?

Ọba_Rúnì

Ìbéèrè yẹn dára. Ṣùgbọ́n kí ni káàdì yẹn ń ṣe sí dáìsì? Tí ẹ bá ń yọ nọ́ńbà kúrò nígbà gbogbo, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Eré Vampire ti 1991 ní ìpele ìlera méje. Bó o ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni dáìsì ọwọ́ rẹ ń dín, ọ̀kan, méjì, títí dé márùn-ún. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbá á gbá tàsé, torí ó tàsé wọ́n á tún gbá a. Ìjà ti parí láti ìgbá àkọ́kọ́, ẹ kàn ń fi wákàtí kan jókòó tì í ni.

Ọlọ́rọ̀_Kan

Eré Blades in the Dark, 2017, yanjú èyí dáadáa. Àyè ọgbẹ́ rẹ̀ tò léra: méjì nísàlẹ̀, méjì láàárín, ẹyọ kan lókè. Ti ìsàlẹ̀ ń dín ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lè mú wá kù, ti àárín ń yọ dáìsì kan, ti òkè sọ pé o ò lè dá ohunkóhun ṣe àfi kí ẹnìkan ràn ọ́ lọ́wọ́, tàbí kí o fi agbára ti ara rẹ. Ìgbà tí ọgbẹ́ náà bá kan ohun tí o fẹ́ ṣe nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ lè parọ́ fún ọlọ́pàá bó ṣe máa ń parọ́ tẹ́lẹ̀. Kó má kàn sọ pé òun máa fò láti orí òrùlé kan sí èkejì.

Ní D&D, ẹ lo disadvantage: d20 méjì, kí ó mú èyí tó kéré, nígbà tí káàdì bá kan ohun tó ń ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má ní ju káàdì méjì lọ. Tí Aládàá bá sọ pé ó ń fìyà jẹ jagunjagun, ẹ fún ẹni tó bá fínnúfíndọ̀ jẹ́ kí ọgbẹ́ rẹ̀ dí òun lọ́wọ́ ní Inspiration, ìyẹn ẹ̀bùn tó ń jẹ́ kó ju d20 méjì lẹ́ẹ̀kan, kó mú èyí tó pọ̀. Ẹ máa rí i tí wọ́n á máa rántí ọgbẹ́ ara wọn láìjẹ́ pé ẹ rán wọn létí.

Àyà_Akin

Ibi tí káàdì wà náà ṣe pàtàkì. Inú ìwé ẹ̀dá kọ́ o, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbàgbé nǹkan sí. Nínú Mausritter, níbi tí gbogbo ẹ̀dá ti jẹ́ eku, àyè mẹ́wàá ni ẹrù rẹ ní, ọgbẹ́ sì jẹ́ káàdì tó ń gba ọ̀kan nínú àyè náà. O ti fara pa, o ní láti ju okùn tàbí oúnjẹ sílẹ̀. Àpò tó ti kún fúnra rẹ̀ ló ń rán ọ létí.

Olúwa_Ìtàn_Obìnrin

Mo ń kà yín bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn tó jókòó yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àpèjúwe irú èyí. Ẹnìkan wà nídìí eré wa tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwòsàn lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀. A ti fẹnu kò pé a ò ní sọ ohunkóhun nípa orí tó fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà la gbé X-Card tí John Stavropoulos ṣe sí àárín tábìlì: ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, a ó yọ ohun tá a ń sọ kúrò, a ò ní bi í nídìí. Láti ìgbà náà, àpèjúwe wa ti le sí i, torí pé olùdarí mọ ibi tó ti lè lo gbogbo agbára rẹ̀.

BàbáDáìsì

Òótọ́ ni. Nǹkan kan ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà: ọ̀tá. Àwọn eléré ò rí HP ọ̀tá, etí ni wọ́n fi ń rí i. Tí olùdarí bá ń sọ pé "o gbá a, ó dùn ún" láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò ní mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sá tàbí kí wọ́n lo idán tó kẹ́yìn. Ní ìdajì, mo máa ń jẹ́ kí nǹkan kan yí pa dà tí wọn ò lè ṣàì rí: ògbójú náà ti gbé idà sí ọwọ́ òsì. Ìró ìmí ẹran náà ti yàtọ̀, omi ń hó nínú rẹ̀. Tó bá ku díẹ̀ kó ṣubú, kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

Adárí_Sátidé

Mo ti bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n gbà. HP dúró bó ṣe wà, ti àárẹ̀ àti ìhá kéékèèké. Ẹni tó bá kan òdo tó sì yè é, á kọ káàdì, á gbé e síwájú ara rẹ̀ níbi tí gbogbo wa á ti máa rí i. Ó ku ohun kan: àlùfáà wa ti ń bèèrè bóyá Cure Wounds á pa káàdì rẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Tèmi ni pé kó má pa á rẹ́. Kó dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kó dá HP pa dà, kí ẹni náà dìde. Bí èjìká bá yẹ̀, ẹnìkan ṣì ní láti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ jẹ́ kí àlùfáà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú rẹ̀, kó ju dáìsì Medicine (ìmọ̀ ìtọ́jú aláìsàn), kí gbólóhùn náà wá rọ̀. Èmi tí mò ń ṣe àlùfáà ni mò ń bẹ̀ yín: àwọn eré tí mo ti ṣe, mo máa ń fi ìlà kan ṣoṣo wo ènìyàn sàn, "mo fún un ní HP 9", ó parí. Ẹ jẹ́ ká bá aláìsàn jókòó díẹ̀.

Ọlọ́rọ̀_Kan

Mo fara mọ́ ọn. Àfi idán ńlá bíi Regenerate, tó ń hu apá tó ti gé. Ìyẹn lè pa káàdì rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fẹ́ àlùfáà ìpele 13. Ẹgbẹ́ yín ṣì jìnnà síbẹ̀.

Adárí_Sátidé

Ìpele 5 la wà. Ó yé mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìrìn láti ibi tí a wà dé ìlú tó kàn, èyí tó le jù nínú àwọn káàdì á bá wọn débẹ̀. Àlùfáà wa ti ní òun fẹ́ ra ọ̀já àti igi pẹlẹbẹ kí wọ́n tó gbéra, mo sì ń wá iye tí ilé ìtajà abúlé yẹn á tà á.